Ìgbì méjì lójú síkóòpù: èwo ló ṣíwájú, báwo ló sì ṣe jìnnà tó?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún inverter àti tẹlifíṣọ̀n ṣe nítòsí Oríta Ọláìyá. A ra oscilloscope tòkúnbọ̀ kan (síkóòpù, ẹ̀rọ tó ń ya ìgbì iná sójú rẹ̀), ṣánẹ́ẹ̀lì méjì, 20 MHz. Mo so rẹsítọ̀ 1 kΩ mọ́ kàpásítọ̀ 0.1 µF, mo fi ìgbì 1 kHz sí i, mo sì fẹ́ mọ ìyàtọ̀ féèsì tó wà láàárín iná tó ń wọlé àti iná orí kàpásítọ̀. Ìṣirò inú ìwé ní 32° ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo rí ohun tó sún mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì mo rí 0°. Nígbà tó yá mo rí 148°. Nígbà tí mo gbé pírọ́òbù kejì (wáyà tí síkóòpù fi ń kan sákíìtì) sórí rẹsítọ̀, 0° tún ni. Ẹnìkan ní kí n lo X-Y, ó sì fún mi ní 32°, àmọ́ mi ò mọ èyí tó ṣíwájú níbẹ̀. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Ṣé mo sì lè wọn ti fáànù tó ń lo iná NEPA bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìfarabalẹ̀. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín o. Gbogbo nọ́ńbà tí o kọ síbẹ̀ yẹn, kò sí èyí tí èmi náà kò rí rí nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Síkóòpù yín ò bàjẹ́, kò sì purọ́ fún ọ lẹ́ẹ̀kankan. Ohun tí o bi í ló ń dá ọ lóhùn. Àmọ́ ohun tí o bi í lọ́jọ́ kìíní kọ́ lo bi í lọ́jọ́ kejì, o kàn rò pé ọ̀kan náà ni.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ “féèsì” fúnra rẹ̀, torí ìtumọ̀ méjì ló ní lẹ́nu wa. Bí iná bá lọ nílé kan ní Ìgbóǹnà tó sì ń tàn nílé kejì, wàá gbọ́ tí wọ́n ń pe oníná pé kó wá bá wọn yí féèsì. Féèsì yẹn, wáyà ni: ọ̀kan nínú wáyà mẹ́ta tó wà lórí òpó. Féèsì tí ìwọ ń wá kì í ṣe wáyà, àlàfo ni. Wo obìnrin mẹ́ta tó ń gúnyán nínú odó kan lọ́jọ́ ìnáwó. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ń yára, kò sí ẹni tó ń sáré ju ẹnì kejì lọ. Síbẹ̀ ọmọ odó wọn kì í balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àfi tí wọ́n bá fẹ́ fọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìyá àgbà á sọ tirẹ̀ lulẹ̀, aya ilé á tẹ̀ lé e, ọmọ á wá kẹ́yìn, ló bá tún kan ìyá àgbà. Bí o bá mú àkókò tó wà láàárín ọmọ odó kan àti èyí tó tẹ̀ lé e, tí o sì fi wé àkókò tí ọmọ odó kan fi ń gòkè tó fi tún balẹ̀, ìyàtọ̀ féèsì lo rí yẹn. Ìdá mẹ́ta ìyípo kan ni tiwọn. Ìyípo kan jẹ́ 360°, nítorí náà 120° ló wà láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í yára ju àwọn tó kù, ọ̀rọ̀ féèsì ti parí nìyẹn, àlàfo náà á máa yí padà ṣáá. Torí náà ìgbì méjì tí iye ìyípo wọn ò bá dọ́gba kò ní ìyàtọ̀ féèsì kan pàtó tí èèyàn lè wọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wáyà mẹ́ta orí òpó ṣe ń gúnyán, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyípo kan gba mìlísẹ́kọ́ńdì 20, ìdá mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 6.67. Ìwọ náà ti fi mítà kan èso iṣẹ́ yìí láìmọ̀: wáyà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 230 fóòtì sí níútírà, àmọ́ láàárín wáyà méjì, 400 lo máa ń rí, kì í ṣe 460. Ká ní 180° ló wà láàárín wọn, 460 ni mítà ì bá fi hàn. Bí o bá sì rí òdo láàárín wáyà méjì tó níná, féèsì kan náà ni wọ́n so ọ́ mọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Àwa ará Òṣogbo ò tiẹ̀ yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa. Ìlú wa níbí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà. Gbogbo ẹ̀rọ amúnáwá tó so mọ́ wáyà ńlá 330 kV, láti Kainji títí dé Ẹ̀gbìn, ìlù kan náà ni wọ́n ń jó sí. Àmọ́ ẹsẹ̀ wọn kì í balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà gẹ́lẹ́, ìyàtọ̀ ẹsẹ̀ yẹn ló sì ń ti agbára láti apá ibi tó ṣíwájú lọ sí apá ibi tó kẹ́yìn. Ohun tí ìwọ ń wọ̀n lórí tábìlì pẹ̀lú kàpásítọ̀ tó kéré ju ẹ̀wà lọ, òun náà ni wọ́n ń ṣọ́ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Ó yá, ká padà sórí tábìlì rẹ.

Kí o tó wọn ohunkóhun, gbé pírọ́òbù méjèèjì lọ sí ojú kan náà, ibi tí ìgbì ti ń wọ sákíìtì rẹ, kí o sì wo ohun tí síkóòpù máa sọ. Òdo ni kó sọ. Ẹni tó ń fi òṣùwọ̀n ta nǹkan lọ́jà, òfìfo òṣùwọ̀n la kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Bí ìlà méjèèjì bá bo ara wọn bí ìbejì, ó dáa. Bí wọn ò bá bo ara wọn, ti síkóòpù àti pírọ́òbù ni àlàfo yẹn, kì í ṣe ti sákíìtì rẹ, o sì gbọ́dọ̀ wá ibi tó ti wá kí o tó tẹ̀ síwájú. Mi ò mọ iye ìgbà tí ìdánwò òdo yìí ti gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú.

Òun ni ì bá mú 148° rẹ. Lórí ọ̀pọ̀ síkóòpù bíi tiyín, bọ́tìnnì kan wà lábẹ́ ṣánẹ́ẹ̀lì kejì tí wọ́n kọ INV sí. Bí ìka rẹ bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, ohun tó yẹ kó gòkè á máa sọ̀kalẹ̀, ìyẹn ni pé 180° ti wọ inú ọ̀rọ̀. Yọ 32 kúrò nínú 180, o ti rí 148. Wò ó dáadáa, wàá sì rí i pé kì í ṣe iye nìkan ló yí padà: iná orí kàpásítọ̀ tó ń kẹ́yìn tẹ́lẹ̀ á dà bí ẹni tó ṣíwájú. Bí o bá fi pírọ́òbù méjèèjì sí ojú kan náà, INV á tú ara rẹ̀ fó lójú ẹsẹ̀, torí ìlà kan á máa lọ sókè bí èkejì ṣe ń wá sílẹ̀.

Òun náà ló máa mú pírọ́òbù tí ọ̀kan wà ní ×1 tí èkejì wà ní ×10 (èyí tó ń dín iná kù sí ìdá mẹ́wàá), àti èyí tí ẹnìkan ti yí ìdè kékeré inú rẹ̀ láìbìkítà. So pírọ́òbù kọ̀ọ̀kan mọ́ ojú irin tó ń mú ìgbì onígun mẹ́rin 1 kHz jáde níwájú síkóòpù, kí o fi túnfìsì kékeré yí ìdè náà títí orí ìgbì yóò fi tẹ́jú pẹrẹsẹ, kó má rí rọ́bọ́tọ́, kó má sì yọ ìwo.

Àmọ́ ẹ̀tàn kan wà tí ìdánwò òdo ò lè mú, torí òdo gan-an ni ẹ̀tàn náà fi ń tanni. 0° ọjọ́ kejì rẹ nìyẹn. Ohun tó ń sọ fún síkóòpù pé “bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán báyìí” la ń pè ní tírígà. Bí tírígà bá ń gbọ́ ti CH1, ìyẹn ṣánẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́, nìkan, CH1 ni aago tí a fi ń wo ìgbì méjèèjì, CH2 á sì hàn níbi tó wà gan-an, yálà ó ṣíwájú tàbí ó kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n kọ TRIG ALT sí, tàbí VERT MODE lórí òmíràn. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, CH1 á ní aago tirẹ̀, CH2 á ní tirẹ̀. Síkóòpù á dúró kí CH1 gòkè kó tó yàwòrán rẹ̀, á tún dúró kí CH2 gòkè kó tó ya tirẹ̀, á wá kó àwòrán méjèèjì jọ sójú kan. Ó dà bí ẹni tó ń ya fọ́tò ọmọ méjì tó ń sáré ìje, tó dúró de ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú ìlà òpin. Nínú fọ́tò, àwọn méjèèjì jọ dé. Bọ́tìnnì yẹn wúlò fún ìgbì méjì tí iye ìyípo wọn ò jọra, àmọ́ fún iṣẹ́ féèsì, májèlé ni.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀? Jẹ́ kí ìlà méjèèjì dúró jẹ́ẹ́ lójú síkóòpù, kí o wá yọ pírọ́òbù CH1 kúrò. Bí CH1 bá ni aago lóòótọ́, CH2 á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri, torí kò sí ẹni tó ń bá a ka àkókò mọ́. Bí CH2 bá ṣì dúró gbọnin bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, aago tirẹ̀ ló ń wò, gbogbo nọ́ńbà féèsì tí o sì ti kọ sílẹ̀ láti àárọ̀, pa wọ́n rẹ́. Gbé SOURCE, bọ́tìnnì tó ń yan ẹni tí tírígà máa gbọ́, sí CH1. Má dà á pọ̀ mọ́ bọ́tìnnì ALT/CHOP tó wà láàárín ṣánẹ́ẹ̀lì méjèèjì o. Ìyẹn kàn ń sọ bí wọ́n ṣe máa pín ojú síkóòpù láàárín ara wọn ni. Bí SOURCE bá ti wà ní CH1, àtèyí àtèyí ló dáa, àmọ́ CHOP ló tura fún ìgbì tó lọ́ra bíi 50 Hz.

Ti 0° kejì, èyí tí o rí nígbà tí o gbé pírọ́òbù sórí rẹsítọ̀, ọ̀tọ̀ ni ibi tó ti wá, òun ló sì yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù jù. Báyìí ni sákíìtì rẹ ṣe rí: ìgbì wọlé, ó gba rẹsítọ̀ kọjá, ó kan kàpásítọ̀, ó wọlẹ̀. O fẹ́ rí iná orí rẹsítọ̀, o fi orí pírọ́òbù kejì sí òkè rẹsítọ̀, o sì gbé kílíìpù dúdú rẹ̀ há ìdí rẹsítọ̀. Ojú yẹn, òun náà ni orí kàpásítọ̀. Kílíìpù dúdú CH1 sì ti wà nísàlẹ̀ kàpásítọ̀ tẹ́lẹ̀. Àbúrò mi, kílíìpù dúdú méjèèjì jẹ́ wáyà kan ṣoṣo nínú síkóòpù. Wọ́n so ara wọn pọ̀ mọ́ irin ara síkóòpù, wọ́n sì gba ẹsẹ̀ kẹta plọ́ọ̀gì lọ sí ilẹ̀. Nígbà tí o há wọn sí òkè àti ìsàlẹ̀ kàpásítọ̀, o ti fi wáyà kan dí i lórí pa. Rẹsítọ̀ nìkan ló kù nínú sákíìtì, pírọ́òbù méjèèjì sì ń wo iná kan náà. Kí ló tún lè sọ bí kò ṣe 0°?

Bí o bá fẹ́ wo iná orí rẹsítọ̀, kàn pààrọ̀ ipò wọn: kí kàpásítọ̀ wà lókè, kí rẹsítọ̀ wà nísàlẹ̀ lápá ilẹ̀, kí kílíìpù dúdú méjèèjì sì wà ní ojú ilẹ̀ kan náà. Ìgbà yẹn wàá rí i pé iná orí rẹsítọ̀, tí í ṣe àwòrán iná tó ń ṣàn nínú sákíìtì, ń ṣíwájú ìgbì tó ń wọlé pẹ̀lú 57.9°. Fi 32.1 kún un, ó di 90. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, torí iná tó ń ṣàn wọ kàpásítọ̀ máa ń fi ìdá mẹ́rin ìyípo kan ṣíwájú fóòtì orí rẹ̀.

Nípa kíka “ṣíwájú” àti “kẹ́yìn” lójú síkóòpù, ọ̀pọ̀ akọ́ṣẹ́ ló ń ṣì í. Wọ́n á rí ìgbì tó wà lápá ọ̀tún, wọ́n á ní òun ló ń léwájú, bí ẹni ń wo eré ìje. Ìdàkejì ni. Àkókò ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, nítorí náà ẹni tó wà lápá òsì ló kọ́kọ́ dé. Ní ojú ibi tí ìgbì kọ̀ọ̀kan ti ń gòkè kọjá ìlà àárín, èyí tó bá ti òsì jù ló ṣíwájú.

Bí o ṣe máa ka iye rẹ̀ ló kù. Ìyípo kan ìgbì 1 kHz jẹ́ 1 ms. Gbé TIME/DIV, bọ́tìnnì tó ń yan iye àkókò tí ilé kan dúró fún, sí 0.1 ms, ìyípo kan á sì gba gbogbo ilé mẹ́wàá tó wà lójú síkóòpù (ilé ni mo ń pe àwọn àpótí kéékèèké yẹn, bíi ti ọpọ́n ayò). Ilé kan á jẹ́ 36°. Wọ́n pín ilé kọ̀ọ̀kan sí ẹyọ márùn-ún, ẹyọ kan jẹ́ 7.2°. Àlàfo tìrẹ ò tó ilé kan, nǹkan bí ẹyọ mẹ́rin àtààbọ̀ ni. Bí ojú rẹ bá fi ìdajì ẹyọ ṣì í, o ti pàdánù 3.6°. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe nìyẹn, tí wọ́n á wá máa bú kàpásítọ̀.

Dípò bẹ́ẹ̀, nígbà tí o bá ti wọn ìyípo odindi tán ní 0.1 ms, fi gbogbo ètò yòókù sílẹ̀ bó ṣe wà, kí o sì yí TIME/DIV sí 20 µs. Àwòrán á fẹ̀, ibi tí ìgbì méjèèjì ti ń kọjá ìlà àárín á jìnnà síra. Wàá rí àlàfo bí ilé mẹ́rin àtààbọ̀, ẹyọ kan ò sì ní ju 1.4° lọ mọ́. Bí ó bá jẹ́ 89 µs lo kà, pín in sí 1000 µs, fi 360 lọ́po rẹ̀, ó di 32°.

Ibi tí ìgbì ti ń kọjá ìlà àárín ni kí o ti máa kà á, má ṣe kà á lórí góńgó. Orí góńgó tẹ́jú, ojú ò lè mọ ibi tó ti ga jù gẹ́lẹ́. Níbi ìlà àárín, ìgbì ń gun òkè tó dá gégé, ibi tó ti kọjá hàn kedere. Ṣùgbọ́n ìlà àárín yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo lóòótọ́ fún ìgbì méjèèjì: tẹ GND fún ṣánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, kí o sì fi POSITION gbé ìlà rẹ̀ sí àárín gbùngbùn. Ìgbì tó ga tó ilé mẹ́ta láti àárín dé góńgó, bí o bá gbé e lọ sókè pẹ̀lú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ilé péré, ibi tó ti ń kọjá àárín á sún pẹ̀lú 5.7°. Ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ràn fún èyí: ka àlàfo níbi tí wọ́n ti ń gòkè, kí o tún kà á níbi tí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀. Ìgbì tí wọ́n gbé sókè jù á tètè gòkè kọjá àárín, àmọ́ á pẹ́ kó tó sọ̀kalẹ̀, àṣìṣe méjèèjì sì dọ́gba. Pa iye méjèèjì pọ̀, pín in sí méjì, àṣìṣe ti pa ara rẹ̀ rẹ́.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í ṣírò rárá. Á yí VAR, bọ́tìnnì kékeré tó wà lára TIME/DIV tó ń fẹ àwòrán díẹ̀díẹ̀, títí ìdajì ìyípo kan á fi gba ilé mẹ́sàn-án gẹ́lẹ́. Ilé kan ti di 20° nìyẹn, á wá máa ka féèsì bí ẹni ń ka rúlà: ilé kan àtààbọ̀ ó lé díẹ̀, 32°. O ò lè ka àkókò mọ́ nígbà tí VAR bá ti kúrò níbi CAL (ibi tí iye TIME/DIV ti péye), àmọ́ féèsì lo ń wá, kì í ṣe àkókò. Rántí dá a padà sí CAL o, kí ọ̀gá rẹ má bàa fi wọn nǹkan mìíràn lọ́jọ́ kejì kó wá máa ṣépè.

Fún irú sákíìtì tìrẹ yìí, ẹlẹ́rìí kejì tún wà tí kò ná ọ ní nǹkan kan. Gíga iná orí kàpásítọ̀, tí o bá pín in sí gíga ìgbì tó ń wọlé, kósáìnì igun náà ló jẹ́. Bí ìgbì tó ń wọlé bá ga ní ilé mẹ́fà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ti kàpásítọ̀ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ilé márùn-ún ó lé díẹ̀, 5.08. Bí àlàfo bá sọ pé 32° tí gíga sì sọ pé 20°, ọ̀kan nínú wọn ń tàn ọ́. Bóyá kàpásítọ̀ náà kì í ṣe 0.1 µF mọ́.

X-Y ńkọ́? Ẹni tó ní kí o lò ó kò ṣì ọ́ lọ́nà, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Àwòrán tó ń yọ níbẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Lissajous, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ti fi han aráyé láti bí 1857, ogójì ọdún kí Braun ará Jámánì tó ṣe túùbù tí gbogbo síkóòpù àtijọ́ ti wá. Dígí kékeré ló lẹ̀ mọ́ irin méjì tó ń gbọ̀n, ìmọ́lẹ̀ fò lára ọ̀kan bọ́ sára èkejì, ó sì yàwòrán sára ògiri. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀ rárá. Ohun kan náà ni síkóòpù rẹ ń ṣe: CH1 ń ti àmì ìmọ́lẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, CH2 ń tì í sókè sódò.

Gbé àwòrán náà sí àárín, wọn gíga rẹ̀ látòkè délẹ̀, kí o sì wọn àlàfo tó wà láàárín ibi méjèèjì tó ti gé ìlà ìdúró tó wà láàárín ojú síkóòpù. Pín kékeré sí ńlá, sáìnì igun náà nìyẹn. Tìrẹ, bí gíga bá jẹ́ ilé 6, àlàfo á sún mọ́ 3.2. Bí àwòrán bá fì sọ́tùn-ún lókè, igun náà wà láàárín 0 àti 90°. Bó bá fì sósì, ó ti kọjá 90°, yọ ohun tí o rí kúrò nínú 180. Ibi tí ó kù sí nìyẹn. Kò lè sọ ẹni tó ṣíwájú fún ọ, torí àmì ìmọ́lẹ̀ náà ń sáré yíká débi pé ojú ò lè mọ apá ibi tó ń yí sí. Fún ìyẹn, padà sí ìlà méjì.

Tèmi ni pé X-Y dára púpọ̀ fún mímọ̀ bóyá ìgbì méjì jọ ń rìn gan-an, torí nítòsí 0° àwòrán náà máa ń tinrín bí abẹ́rẹ́, ìyàtọ̀ kékeré sì máa ń là á ní ojú. Nítòsí 90°, kò wúlò: láti 80° sí 90°, àlàfo yẹn ò fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ilé yí padà. Bí iye ìyípo bá sì ga, ọ̀nà tí CH1 ń gbà nínú síkóòpù òyìnbó àtijọ́ nígbà X-Y lọ́ra ju ti CH2 lọ. Tún ìdánwò òdo ṣe níbẹ̀ náà: ìlà tó gún régé ni kó yọ, kó má là.

Ó wá ku fáànù. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe. Àmọ́ rántí ohun tí mo sọ nípa kílíìpù dúdú: ilẹ̀ ni. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo há tèmi mọ́ wáyà tó níná. Ó dún bí ìbọn, kílíìpù yọ́ dànù, ojú ọ̀nà kan nínú síkóòpù sì jóná. Ọ̀gá mi ò na ohùn sókè. Ó gbé pírọ́òbù tó jóná náà kọ́ sára ògiri níwájú mi, ibẹ̀ ló sì wà títí mo fi gba òmìnira. Àwọn kan á ní kí o gé ẹsẹ̀ kẹta plọ́ọ̀gì síkóòpù kó má bàa kan ilẹ̀. Má gbọ́ tiwọn. Bí o bá gé e, irin ara síkóòpù tí o ń fọwọ́ bà á di 230 fóòtì. Má sì gbára lé níútírà, torí ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti yí wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì síra.

Tàràńsífọ́mà 1:1 tí àbájáde rẹ̀ kò kan iná ìta ni kí o wá, èyí tó lè gbé 200 VA. Kí ọ̀gá rẹ wà níbẹ̀. So fáànù mọ́ àbájáde rẹ̀, kí rẹsítọ̀ 1 Ω tó nípọn, 5 W, sì wà láàárín fáànù àti wáyà àbájáde kejì. Wáyà kejì yẹn ni kílíìpù dúdú méjèèjì máa há mọ́, ojú kan náà. CH1 á lo pírọ́òbù ×10 lórí wáyà àkọ́kọ́, torí góńgó iná 230 fóòtì jẹ́ 325. CH2 á wà lórí rẹsítọ̀ 1 Ω. Fáànù 75 W á fún ọ ní nǹkan bí ìdajì fóòtì níbẹ̀. Wáyà àkọ́kọ́ yẹn ṣì lè pa èèyàn o, tàràńsífọ́mà tàbí kò sí tàràńsífọ́mà. Pa iná kí o tó gbé pírọ́òbù kúrò lójú kan sí òmíràn.

Bọ́tìnnì AC/DC ṣánẹ́ẹ̀lì méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní DC, torí AC máa ń dí iná tó dúró lójú kan àti ìgbì tó lọ́ra. Ní 1 kHz, kò tó dígírì kan tí AC lè fi ṣì ọ́ lọ́nà, àmọ́ ní 50 Hz, bí AC síkóòpù bá ń gé láti 10 Hz, ó ń sún ìgbì síwájú pẹ̀lú 11°. Bí ọ̀kan bá wà ní AC tí èkejì wà ní DC, 11° yẹn ti wọ inú èsì rẹ pátápátá.

Ní 50 Hz, mìlísẹ́kọ́ńdì kan jẹ́ 18°. Bí iná tó ń ṣàn bá kẹ́yìn fóòtì pẹ̀lú 1.5 ms, 27° nìyẹn, kósáìnì rẹ̀, ìyẹn ìdá iná tó ń ṣiṣẹ́ gan-an, sì jẹ́ 0.89. Wo ìrísí ìgbì CH2 kí o tó fi nọ́ńbà yẹn yangàn pé o ti mọ bí fáànù ṣe ń lo iná sí. Bó bá dán bí ìgbì odò, ó dáa. Bó bá rí jágajàga, bíi ti ṣájà fóònù tàbí gílóòbù LED, kósáìnì àlàfo kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́. Má sì wọ̀n ọ́n lórí inverter onígun mẹ́rin tí ẹ ń tún ṣe níbẹ̀ yẹn: ìgbì ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń dúró lórí òdo fún ìgbà díẹ̀ kó tó gbéra, o ò sì ní mọ èwo nínú ibi ìdúró náà lo fẹ́ pè ní ìlà àárín.

Bí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí o bá ń ṣe é lọ́wọ́, tí ẹ sì tan jẹnẹrétọ̀, kọ́kọ́ tún ìyípo rẹ̀ wọ̀n. Jẹnẹrétọ̀ tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ sábà máa ń sáré ju 50 lọ. Ní 52 Hz, ìyípo kan jẹ́ 19.2 ms, mìlísẹ́kọ́ńdì kan á sì di 18.7°.